Mo Fi Ìwé Áyọ́ọ̀nù Júwe Féèpù Fún Bàbá Àfẹ́sọ́nà Mi

Ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó pè mí ní òpònú. Tí ẹ bá kà á tán tí ẹ ṣì fẹ́ pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò ní bá yín jà. Bàbá àfẹ́sọ́nà mi ti ṣe mí ní ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo sì wà nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Jonah ni orúkọ mi. Ọ̀kà Àkókó ni wọ́n ti bí bàbá mi, ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ ni mo ti ń ta ṣájà, àpò fóònù, áyọ́ọ̀nù àti ohunkóhun tó bá ń lo iná. Ọmọ́ṣaléwá, tí mo fẹ́ fi ṣaya, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ paraku ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọmọ Bàbá Akínfẹ́mi.

Bàbá Akínfẹ́mi yìí gan-an ni ìdánwò mi. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ni wọ́n máa ń lọ láti ọjà dé ọjà, láti ilé epo dé ilé epo, tí wọ́n ń yẹ òṣùwọ̀n wò, bóyá ẹnì kan ti tẹ ìdí kóńgò gààrí wọnú, bóyá ẹ̀rọ epo ń purọ́. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ iṣẹ́ náà kò tíì fẹ̀yìn tì lára wọn. Tí Màmá bá bu ọbẹ̀ fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ yọjú wo ibi tí omi rẹ̀ dé.

Wọn kò kọ̀ mí, wọn kò sì gbà mí. Tí mo bá ti dárúkọ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n á ní, "Ọmọ Àkókó, a ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò." Bí ẹni pé èmi ni ẹ̀rọ epo.

Ohun kan ló ń da bàbá yìí láàmú: sìgá. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé àyà wọn kò gba èéfín mọ́. Màmá ti bẹ̀bẹ̀, Màmá ti jà, Màmá ti gbààwẹ̀ lé wọn lórí. Lọ́jọ́ kan Ọmọ́ṣaléwá sọ fún mi pé, "Jonah, ẹni tó bá gba sìgá lẹ́nu dádì mi, màmá mi á fọwọ́ ara wọn fà mí lé e lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, ó sì jókòó síbẹ̀. Mo ní féèpù nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ féèpù, sìgá oníbátìrì ni. Ẹ máa rọ oje olóòórùn dídùn kan sínú rẹ̀, wáyà kékeré tó wà nínú á gbóná, oje náà á di èéfín, ẹ ó sì fà á. Ó ní ojú kékeré kan tó ń tàn, nọ́ńbà sì wà níbẹ̀ tí ẹ lè tẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló yẹ kó sọ bí wáyà náà á ṣe gbóná tó.

Mo ní "ló yẹ". Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Àwọn tí èmi ń tà, inú àpò ńlá ni wọ́n máa ń kó wọn wá láti Èkó, ní ìhòòhò, kò sí páálí, kò sí ìwé. Èmi fúnra mi kò fa féèpù rí. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ọjà lọ sí Ute, Ìjàgbà tàbí Àfọ̀, tí oníbàárà bá bi mí pé nọ́ńbà wo ni kí òun gbé e sí, ẹ rò pé mo máa sọ pé mi ò mọ̀? Ọlọ́jà tó bá ní òun kò mọ̀, ta ni yóò rajà lọ́wọ́ rẹ̀?

"Ẹni ọdún mélòó ni yín?" ni mo máa ń bi wọ́n.

"Ogójì."

"Ẹ gbé e sí ogójì."

Wọ́n á sì máa yìn mí pé mo mọ iṣẹ́ mi dunjú.

Bí mo ṣe gbé ọ̀kan lọ fún Bàbá Akínfẹ́mi nìyẹn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀ níwájú wọn.

"Bàbá, ẹ wò ó. Kò ní eérú, kò ní òórùn burúkú. Díẹ̀díẹ̀ lẹ ó fi gbàgbé sìgá."

Wọ́n wọ dígí ojú wọn, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Kí ni nọ́ńbà yìí?"

"Agbára rẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Àwọn tó ṣe é ni, Bàbá."

"Ìwé ìlò rẹ̀ dà?"

 Nínú ilé yẹn, dùrọ́ọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìwé ìlò gbogbo ohun tí wọ́n ti rà láyé ló wà níbẹ̀. Rédíò tó ti kú láti ayé ìjọba ológun, ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú dùrọ́ọ̀. Ohun tí kò bá ní ìwé, Bàbá kì í tàn án.

"Mo gbàgbé rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ni," mo dáhùn. "Lọ́la ni mo máa mú un wá."

"Ó dáa. Kí ó tó dé, a ò ní fọwọ́ kàn án."

Màmá yọjú láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní, "Jonah, ọmọ mi." Ẹnikẹ́ni kò pè mí ní ọmọ nínú ilé yẹn rí. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi dá a, ẹnu wo ni mo máa fi sọ pé kò sí ìwé?

Mo sáré lọ bá Praise, ọ̀rẹ́ mi tó ń tẹ ìwé fáwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

"Praise, bá mi tẹ ìwé ìlò féèpù."

"Èwo la máa wò kọ?"

Mo tú gbogbo ìsàlẹ̀ káńtà. Ìwé kan ṣoṣo tí mo rí ni ìwé áyọ́ọ̀nù aláwọ̀ búlúù tí mo ń tà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, òun náà sì ní nọ́ńbà: náílọ́ọ̀nù ló wà nísàlẹ̀, sílíìkì tẹ̀ lé e, aṣọ òwú tún tẹ̀ lé e, aṣọ líníìnì tó nípọn wà lókè pátápátá.

"Níbi tí wọ́n bá kọ náílọ́ọ̀nù sí, kọ ọ̀dọ́," mo ní. "Sílíìkì, kọ ẹni ogójì ọdún. Òwú, kọ ẹni àádọ́ta. Líníìnì, kọ àgbàlagbà."

Praise gbọ́wọ́ lé kọ̀ǹpútà, ó ń wò mí. "Jonah, ṣé èèyàn lo fẹ́ ta á fún àbí o fẹ́ lọ̀ wọ́n?"

"Tẹ̀ ẹ́ jàre. Ibi tí áyọ́ọ̀nù bá wà, fi féèpù sí i."

Kọ̀ǹpútà ló bá wa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. A ò kà á padà. Ẹ̀rọ tẹ ìwé náà jáde ní funfun báláú, ó dùn ún wò, èmi tí mo pa irọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Bàbá fi bíírò falà sí i. Wọ́n kà á bí ẹni ń ka àṣẹ gómìnà. "Ohun tó ní ìwé ló dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé nọ́ńbà náà dé òkè téńté, nítorí pé ìwé ní ibẹ̀ ni ti àgbàlagbà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Bàbá ju sìgá nù. Màmá ń kọrin nínú ilé. Bàbá ní kí n lọ sọ fún àwọn ẹbí mi ní Ọ̀kà kí wọ́n wá múra mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọmọ́ṣaléwá ń wò mí bí ẹni tó gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun. Mo ń gbé àyà sókè kiri Ọ̀wọ̀.

Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Jonah, nǹkan yìí ń jó mi lọ́fun."

"Ẹ dín nọ́ńbà rẹ̀ kù, Bàbá."

"Mo ti dín in kù dé ìsàlẹ̀. Ooru kan náà ni."

"Ẹ ṣáà máa tẹ̀ lé ìwé, Bàbá."

"Mò ń tẹ̀ lé e. Ìwé ní kí n wọ́n omi díẹ̀ sí i kó tó gbóná. Mo wọ́n ọn. Ó wá ń hó bí ìkòkò ìrẹsì, ó sì ta sí mi láhọ́n."

Omi kẹ̀? Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi gan-an kò mọ ohun tí ìwé mi sọ. Mo rẹ́rìn-ín kan tí kò dé inú. "Ẹ má wọ́n omi sí i mọ́, Bàbá. Ara rẹ̀ á balẹ̀ tó bá yá."

Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, Bàbá dìde láti ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi. Wọn kò ka ẹsẹ tó nǹkan tí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n wúkọ́, wọ́n di àga mú, wọ́n tún wúkọ́. Ẹlòmíràn ló bá wọn parí ẹ̀kọ́ náà. Gbogbo ìjọ ló yíjú wo Màmá.

Nígbà tí mo bá wọn délé, Màmá kò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Bàbá Ọmọ́ṣaléwá, ẹ ti padà sídìí sìgá. Féèpù lẹ fi ń bò wá lójú."

"Mo búra, sìgá kò kan ẹnu mi."

"Níwájú pẹpẹ ni ikọ́ ti tú yín fó! Ẹ má fi irọ́ lé e." Màmá kọjú sí mi. "Jonah, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣé féèpù yìí lè mú èèyàn wúkọ́ báyìí?"

Bàbá wò mí. Bàbá tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni, ojú ni wọ́n fi ń bẹ̀ mí kí n gba àwọn sílẹ̀.

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Tèmi kì í mú èèyàn wúkọ́."

 Bàbá yọ dígí ojú wọn, wọ́n ń nù ún ṣáá. Ó dùn mí, mi ò ní tàn yín.  Ṣùgbọ́n mi ò pa ọ̀rọ̀ mi dà. Mo ta bàbá kí n lè fẹ́ ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn Màmá kò bá ọkọ wọn sọ ju "Oúnjẹ rèé" lọ. Ọmọ́ṣaléwá wá sun ẹkún ní ṣọ́ọ̀bù mi pé dádì òun ti di onírọ́ lójú agbo ilé, èmi sì ń fi áńkáṣíìfù mi nu omijé fún un. Ẹ ò rí ojú mi bó ṣe le tó.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Babátọ́pẹ́, kó àwọn àgbà díẹ̀ wá láti Ọ̀kà. Praise náà bá mi lọ. Wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó wá kí àwọn òbí ọmọ, mo sì na gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú agbádá mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó, tí wọn kò bá tíì ní kó dìde, ibẹ̀ ló wà.

"Jonah," ni Bàbá wí.

"Bàbá."

"Ṣé ara rọ̀ ẹ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Ó rọ̀ mí, Bàbá."

"Ó dáa. Máa sinmi níbẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín sínú kápẹ́ẹ̀tì. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí wọ́n fa dùrọ́ọ̀, ẹ̀rín sì kú mọ́ mi lẹ́nu.

"Ẹ̀yin àna wa," ni Bàbá fi Yorùbá tó mọ́ tónítóní tí wọ́n fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ wí, "ohun tó bá máa wọ ilé wa, a máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé kan rèé. Gẹ̀ẹ́sì ni, èmi á máa túmọ̀ rẹ̀. 'A dúpẹ́ pé ẹ ra féèpù wa. Ẹ rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e lé ẹ̀wù funfun.'"



"'Tí ó bá rún jù, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Ẹ má gbàgbé féèpù tó ń gbóná sórí kọ́là.'"

Ẹnì kan pòṣé tó di ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àna wa, kí ló ń jẹ́ féèpù? Ṣé áyọ́ọ̀nù ni?"

"Ohun tí èmi náà bi ara mi nìyẹn." Mo gbọ́ tí ìwé mìíràn ṣí. "Ìyàwó mi ra áyọ́ọ̀nù búlúù kan láìpẹ́ yìí. Ìwé rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀, àyàfi pé aṣọ líníìnì ti di èmi. Ẹ wá bi mí pé ọwọ́ ta ló ti ra áyọ́ọ̀nù ọ̀hún."

Kò sẹ́ni tó nílò láti bi wọ́n. Gbogbo ojú ti wà lẹ́yìn agbádá mi.

"Nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ náà ńkọ́?" ni Bàbá ń bá lọ. "Mo rọ oje kún un, mo gbé nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀, mo wo bí oje náà ṣe ń lọ. Mo tún un rọ, mo gbé e sókè. Bákan náà ló ń lọ. Nọ́ńbà tó ń yí, tí ohun tó ń kà kò yí, ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀rọ ń purọ́, ìwé ń purọ́. Jonah, ta ló kọ ìwé yìí?"

Ẹ̀rí-ọkàn mi ní kí n jẹ́wọ́, ìjayà ní kí n di í ru àwọn ará Èkó. Mo yí ojú díẹ̀, mo rí Praise tó ń wo àjà bí ẹni tó fẹ́ kùn ún lọ́dà.

"Èmi ni, Bàbá."

"Sọ ọ́ sókè. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó gbọ́ ọ."

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ìtìjú tèmi kọ́ ni bàbá yìí ń wá. Bí ìyàwó wọn á ṣe tún gbà wọ́n gbọ́ ni wọ́n ń wá.

Mo gbé ohùn sókè. "Màmá, èmi ni mo kọ ọ́. Bàbá kò fa sìgá. Ohun tí mo gbé fún wọn ló ń mú wọn wúkọ́. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bi mí, mo sì purọ́ fún yín."

 Màmá kúnlẹ̀ síwájú ọkọ wọn. "Ẹ foríjì mí. Mo fi yín wé onírọ́."

"Dìde," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Mo ṣe bí èmi ni, mo gbéra.

"Kì í ṣe ìwọ!"

Mo padà sùn.

Ọmọ́ṣaléwá rìn wá síbi tí mo wà. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. "Jonah, irọ́ wo lo ti pa fún èmi?"

"Kò sí, olólùfẹ́ mi. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Èyí tó wà lójú ẹ lo kà fún mi yẹn," ló wí. "Mi ò tíì mọ èyí tó wà nínú."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju gbogbo ohun tí Bàbá kà lọ. Mo sunkún sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá wù yín.

Bàbá kò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní kí àwọn ẹbí mi jẹun kí wọ́n máa lọ. Wọ́n ní kí èmi wá gbogbo ẹni tí mo ta nǹkan náà fún rí, kí n sì sọ òótọ́ fún wọn. "Èmi á bá ẹ lọ," ni wọ́n wí. "Mi ò gba ìròyìn àfẹnusọ lọ́wọ́ ẹ mọ́."

Ẹ ò rí wọn lọ́jọ́ tí a ń lọ. Wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láyé àtijọ́, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ wọn bí ọmọ kékeré tó ń lọ ṣọdún. "Jonah," wọ́n rẹ́rìn-ín, "Tárṣíṣì tí Jonah inú Bíbélì sá lọ kọ́ là ń lọ lónìí o. Nínéfè ni."

Ní Ute, Àbúdùlàhí ọlọ́kadà gbọ́ tèmi tán, ó káwọ́ lérí. "Nígbà tí o ní ọjọ́ orí mi ni kí n fi sí i, mo gbé e sí mẹ́tàlélógún. Mo ti ń retí ọjọ́ ìbí mi kí n lè fi ọ̀kan kún un!"

Ní Ìjàgbà, àgbẹ̀ kókò kan ní ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kò kan òun. "Mo ti gbàgbé ohun tó o sọ. Aago ni mo pè é. Mo ṣáà ń sọ fún ìyàwó mi pé aago yìí kì í rìn." Àwọn ará Àfọ̀ kò ṣe yẹ̀yẹ́ ní tiwọn. Èébú ni wọ́n bù fún mi, mo sì gbà á, torí èmi ni mo ni ín.

Bàbá a máa sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ má wo nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀fun yín kò lè purọ́ fún yín. Èmi ti jù ú nù, orógbó ni mò ń jẹ." Wọ́n á sì mú orógbó jáde láti inú àpò kóòtù wọn fi hàn, bí ẹ̀rí nílé ẹjọ́.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ sí Ọ̀wọ̀, wọ́n sọ nǹkan gígùn kan fún mi. Ẹ̀ka èdè Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ inú ilé. Wọn kò bá mi sọ ọ́ rí. "Ọma mi", ìyẹn ọmọ mi, nìkan ni mo gbọ́ nínú rẹ̀.

Jonah àtijọ́ ì bá mi orí, ì bá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." 

"Bàbá, mi ò gbọ́ èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn."

Wọ́n wò mí títí tí mo fi ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n máa wo ọ̀nà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n lu ìdarí ọkọ̀. "Ó ti kà á bó ṣe yẹ!" ni wọ́n pariwo. "Ẹ̀rọ ti kà á bó ṣe yẹ!" Wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún mi díẹ̀díẹ̀, pé kí n lọ pe àwọn ẹbí mi padà wá.

Ọmọ́ṣaléwá kò yára bíi bàbá rẹ̀. Ó jẹ́ kí ojú mi rí màbo, ó sì tọ́ sí mi. Ìgbà tó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan tó gbọ́ tí oníbàárà bi mí nípa ẹ̀rọ kan, tí mo ní, "Mi ò mọ̀ o, ẹ jẹ́ ká jọ wá ìwé rẹ̀," ló jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì máa ń wúwo lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń tajà bíi tèmi, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, oníbàárà kì í sá.

Nígbà tí àwọn ẹbí mi padà wá, mo tún na gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì ọjọ́sí. Bàbá dìde dúró lé mi lórí.

"Jonah, ọma mi tí mo fẹ́ fún ẹ yìí, kò bá ìwé ìlò wá. Ohun tí o kò bá mọ̀ nípa rẹ̀, bi òun gan-an. Má lọ sọ́dọ̀ Praise."

Ilé rẹ́rìn-ín títí, Praise ló pariwo jù. Èmi dúró kí wọ́n ní kí n dìde. Mo dúró, mo dúró.

"Dádì," ni Ọmọ́ṣaléwá wí, "ẹ ní kó dìde jàre. Aṣọ rẹ̀ ti ń rún."

"Kò burú," ni Bàbá fèsì. "Ó ní áyọ́ọ̀nù, ó sì ti kọ ìwé rẹ̀ rí."